Àpótí Kò-Síyọnu àti Yìnyín Ìyàwó Rẹ̀

Ọkọ àǹtí mi kò ní ìṣòro kankan rí láyé. Ẹ bi í léèrè, bẹ́ẹ̀ ló máa wí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lè máa tú èéfín dúdú, òrùlé lè máa jò, eyín lè máa ro ó, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo wọn: "Kò síyọnu." Àwọn èrò èbúté ti gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Kò-Síyọnu ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè. Ẹni tó ń pàdé ìyọnu náà lẹ́nu ọ̀nà, tí kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni àǹtí mi.

Àbúrò ìyá mi ni. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti rí iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté, nínú àgọ́ onípákó kan tó ní fèrèsé kékeré. Èmi ni mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó fẹ́ sọdá. Láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́ta, èrò kì í pọ̀, ojú mi ò sì fọ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mo rí i ni. Ẹ má sì bínú pé mò ń pe àgbàlagbà méjì ní "ó". Bí mo bá ní kí n máa sọ "wọ́n" ní gbogbo ìgbà, ẹ ò ní mọ ìgbà tí àǹtí mi dá wá àti ìgbà tó kó èrò lẹ́yìn.

Yìnyín ni àǹtí mi ń tà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tà á. Fírísà ńlá mẹ́ta ló wà nínú pálọ̀ wọn, níbi tó yẹ kí àga wà. Bí àlejò bá dé, orí fírísà ni wọ́n ń ní kó jókòó sí, ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, títí á fi sọ ohun tó bá wá, táá sì máa lọ. Láàárọ̀, àǹtí mi á gbọn yìnyín jáde nínú abọ́ onírin, á kó o sínú àwọn àpò búlúù, á tẹ́ èérún pákó sábẹ́ rẹ̀, á tún da èérún pákó lé e lórí, á wá kó gbogbo rẹ̀ sórí ọmọlanke, ó di èbúté. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá ló ń lọ kó ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja tó wà ní òdìkejì omi. Mọ́kànlá nínú wọn, yìnyín rẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ẹni tó sì kọ́kọ́ ń rà á, kó tó kan ẹnikẹ́ni, ni ọkọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń tà á fún ọkọ rẹ̀. Ó ní ọjà lọjà ń jẹ́. Kò-Síyọnu á yọjú láàárọ̀, á fi ẹsẹ̀ ti àpò, á ní, "Yìnyín yìí kéré." Àǹtí mi á ní, "Ẹnu yín ló tóbi." Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sanwó, á gbé àpò méjì léjìká, ó di inú ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún ara wọn, ìgbà yẹn ni. Nílé, ọ̀rọ̀ òrùlé ni wọ́n ń sọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé àpótí ẹja, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àárín ọkọ̀ ló máa ń wà. Pákó ló wà lóde rẹ̀, fóòmù ló wà láàárín, páànù ló wà nínú, ọmọrí rẹ̀ sì wúwo. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ihò kan wà tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò, tí wọ́n fi igi kékeré dí. Bí yìnyín bá ti ń yọ́, omi rẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀, torí ẹja tó bá sùn nínú omi yìnyín á rọ̀, ojú rẹ̀ á funfun, àwọn oníbàárà á sì máa wò ó bí ẹni wo olè. Bàbá Kò-Síyọnu, tó kọ́ ọ níṣẹ́, máa ń sọ pé, "Ẹja tó ti kú kì í wẹ̀ mọ́." Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó ṣí láàárọ̀, gbogbo ọlọ́kọ̀ èbúté wa á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ igi ìdí àpótí. Wọn kì í rò ó kí wọ́n tó ṣe é. Bí ẹní ń bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá ni.

Ọkùnrin kan wá wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Tútù. Òun ló ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò wa. Fíríìjì inú ilé lòun mọ̀, mi ò sì gbọ́ rí pé èyí tó tún ṣe tún bàjẹ́ kó tó kúrò nínú ọgbà. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún Kò-Síyọnu pé ayé ti lajú, ẹ̀rọ kékeré kan ti wà tí bátìrì ọkọ̀ lè gbé. Wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ kan sínú àpótí ẹja, irin náà á máa tutù, àpótí á di fíríìjì. Kò ní ra yìnyín mọ́. Dípò kó máa sáré padà wálé ní ọ̀sán kí yìnyín tó yọ́ tán, á lè lọ sí ìsọ̀ àwọn apẹja tó jìnnà, ìrìn ọjọ́ méjì, níbi tí ẹja ti tóbi tí àwọn tó ń ra ẹja kì í dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Kò-Síyọnu kọ́kọ́ sọ fún? Ó sọ fún àwọn tó ń ru ẹrù. Ó sọ fún ẹni tó ń ta epo ẹ́ńjìnnì. Ó wá sí fèrèsé mi, ó sọ fún mi, ó sì dúró kí n kí i kú oríire. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, oníbàárà kan ló bá àǹtí mi dárò pé ọjà rẹ̀ máa tó tú.

Mo wà lórí fírísà àárín nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé.

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ fi fíríìjì sínú ọkọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo èbúté. Ajá ọlọ́dẹ nìkan ni ò tíì sọ fún mi."

"Kò síyọnu. Àní mo fẹ́ sọ fún ẹ lálẹ́ yìí."

"Yìnyín tèmi ńkọ́?"

Ọkùnrin náà dúró. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo sì rí i pé kò tíì dé ibẹ̀ rí nínú èrò rẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Ó dà bí ẹni tó ń fọ́ ògiri láti fẹ ilé lójú, tí ẹnì kan wá bi í pé ta ló ń gbé yàrá kejì.

"Yìnyín tìẹ náà?" ló wí. "Kò síyọnu."

Àǹtí mi ní kí n dìde. Ó ṣí fírísà tí mo jókòó lé, ó wo inú rẹ̀, kò mú nǹkan kan, ó pa á dé. Ó dùn mí fún un. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Obìnrin yìí ti da tiẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì da omi lásán, yìnyín ló dà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọ̀gá Tútù fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀. Ó fi fóòmù kún fóòmù, ó de irin pẹlẹbẹ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó fi ẹ̀rọ pamọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó fa waya lọ sí bátìrì. Nígbà tó tàn án, ẹ̀rọ náà kùn, irin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí ẹni pé ìrì dídì bọ́ lé e. Kò-Síyọnu pe gbogbo èbúté wá fọwọ́ kàn án. Wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń fọwọ́ kàn án níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pariwo. Àǹtí mi náà tò. Nígbà tó kàn án, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ní, "Ó tutù." Ó padà sídìí ọmọlanke rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Kò-Síyọnu kọjá níwájú ọmọlanke náà láì dúró. Ó juwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ìlú òkèèrè. Lọ́sàn-án ó dé, ẹja rẹ̀ sì rọ̀ bí tìmùtìmù. Ọ̀gá Tútù ní bátìrì ló kéré. Wọ́n ra èyí tó tóbi, ẹja tún rọ̀. Ó ní oòrùn ni, wọ́n kun ọmọrí àpótí ní ọ̀dà funfun, ẹja tún rọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú u, ó ní ẹja gan-an ló ń gbóná kó tó wọ inú àpótí, pé kí wọ́n lọ bá àwọn apẹja sọ ọ́. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa lápálápá. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, irin ń funfun, ẹja ń rọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí òtútù náà ń gbà lọ.

Ẹlòmíràn ì bá ti padà wá ra yìnyín. Ṣùgbọ́n báwo ni Kò-Síyọnu ṣe máa padà? Gbogbo èbúté ló ti fọwọ́ kan irin náà. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹja rẹ̀ ṣàdédé dára. Ó le, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ọ̀gá Tútù ń rìn kiri bí ẹni tó jí òkú dìde. Èmi tí mo wà ní fèrèsé, mo rí nǹkan mìíràn. Láràárọ̀, dípò kí ọkọ̀ Kò-Síyọnu dorí kọ agbami tààrà, á yà sí apá òsì, á wọ ẹ̀yìn òpó afárá tó wà nítòsí èbúté, á pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni ń wọ bàtà, á tún jáde. Nígbà tó bá jáde, nǹkan kan á ti wà lábẹ́ tápólì, tí etí funfun rẹ̀ ń yọjú.

Ẹ̀yìn afárá, ibẹ̀ ni obìnrin kejì tó ń ta yìnyín wà. Ìyá Ẹ̀yìn-Afárá là ń pè é. Àpò funfun lòun ń lò.

Mo pa á mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ keje, bí a ṣe ń fọ àwọn abọ́ onírin, ó bọ́ lẹ́nu mi. Àǹtí mi ò pariwo. Ó gbé abọ́ sílẹ̀.

"Yìnyín obìnrin yẹn? Tí kì í jẹ́ kó dì dénú kó tó gbé e jáde?"

"Òun ni, mà."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́fà tí mo fojú mi rí."

Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó jókòó sórí fírísà, òun náà sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí àlejò. "Ẹ̀rọ, mo lè fara dà á," ló wí. "Ẹ̀rọ kì í ṣe èèyàn. Bó bá ní òun ò fẹ́ yìnyín mọ́, ó dáa. Ṣùgbọ́n kó ṣì fẹ́ yìnyín, kó juwọ́ sí mi, kó kọjá níwájú mi, kó lọ máa rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dùn ún ju bí ẹni pé ọkùnrin náà fẹ́ orógún lé e lórí. Orógún, wọ́n á ti fi hàn án nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí Kò-Síyọnu ti já ẹja tán, tó sì ti lọ sùn sílé, àǹtí mi ní kí n ti fèrèsé, kí n tẹ̀ lé òun. A wọ inú ọkọ̀. Ẹ̀rọ ń kùn lábẹ́ ìjókòó. Ó ṣí àpótí. Irin funfun báláú, omi yìnyín Ìyá Ẹ̀yìn-Afárá díẹ̀ wà nílẹ̀ páànù, ó ń sun lọ sínú ihò. Àǹtí mi na ọwọ́ sí òkè, ó na ọwọ́ sí àárín. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí ẹnu ihò.

"Wá fọwọ́ síbí."

Mo fọwọ́ síbẹ̀. Atẹ́gùn tútù kan ń gba àárín ìka mi kọjá, jẹ́ẹ́jẹ́, kò dáwọ́ dúró. Àǹtí mi ṣí pákó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ibi tí omi ìdọ̀tí ọkọ̀ máa ń gbára jọ sí. Ike omi mímu kan tí ọkọ rẹ̀ gbàgbé síbẹ̀ ti ń làágùn. Ó gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tutù ju ti fírísà wa lọ.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "Ìdọ̀tí ọkọ̀ ló ń mú tutù!" ló ń wí. "Oṣù kan gbáko! Ìdọ̀tí ọkọ̀!"

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ṣàlàyé fún mi. Òtútù máa ń wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. "Kí ló dé tí mo fi ń tẹ́ èérún pákó sábẹ́ àpò, tí mi ò kàn da gbogbo rẹ̀ sórí? Ìsàlẹ̀ ló ti ń sá lọ." Láràárọ̀, ọkọ rẹ̀ ń yọ igi ìdí àpótí gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Bó bá ti yọ ọ́, òtútù á gba ibẹ̀ jáde, ẹja á rọ̀. Torí pé ẹja ń rọ̀, ó ń lọ ra yìnyín. Torí pé yìnyín ń yọ́, ó gbọ́dọ̀ yọ igi. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí po nìyẹn, ọlọ́gbọ́n méjì sì wà nídìí rẹ̀, ọ̀kan ń wa ọkọ̀, ọ̀kan ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá.

"Ṣé ẹ máa sọ fún wọn, mà?"

Ó kọ́kọ́ pa ọmọrí dé. "Bí mo bá sọ, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ yìí bá ṣiṣẹ́, gbogbo ọlọ́kọ̀ ló máa ṣe é. Kí ni mo fẹ́ máa tà? Bí mi ò bá sì sọ, á máa lọ sẹ́yìn afárá."

Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó dákẹ́. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Mo ní ẹni tó juwọ́ síni, ó yẹ ká jẹ́ kó máa lọ. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi dákẹ́, ó ń ta yìnyín fún àwọn mẹ́wàá tó kù, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń wọ ẹ̀yìn òpó afárá tó ń jáde. Kò tún bá a jà nílé. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò-Síyọnu kéde pé òun ń lọ sí ìsọ̀ tó jìnnà, ìrìn ọjọ́ méjì, láti fi han ayé pé fíríìjì òun kì í ṣe ti eré. Ọ̀gá Tútù ní, "Ẹ máa lọ, ẹ̀rọ kì í parọ́." Àǹtí mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó mọ ohun kan tí àwọn méjèèjì ò fẹ́ mọ̀. Bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ tútù náà ló ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Láti bí ọjọ́ mélòó kan, ó ti ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó tó dìde láàárọ̀, torí ẹ̀rọ tí kò rí ìsinmi ti ń fa bátìrì gbẹ. Ní èbúté, wọ́n lè yá bátìrì ẹlòmíràn. Ní ọ̀nà jíjìn, lórí omi tí a kì í rí èbúté láti ibẹ̀, ta ló máa yá a?

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, mo bá àǹtí mi ní bákónì, ó ń fi ọ̀bẹ gé gìgísẹ̀ sálúbàtà ọ̀tún rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ yípo, ó fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e. Ó wọ ohun tó kù nínú bàtà náà, ó ń tiro lọ sí èbúté. Kò ti ọmọlanke lọ. Mo tẹ̀ lé e.

Ọkọ rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí igi ìdí àpótí.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni àǹtí mi wí.

"Kí ni?"

"Ẹ jẹ́ kó wà ní dídí."

"Ìwọ náà mọ̀ pé ẹja tó ti kú..."

"Kì í wẹ̀ mọ́. Mo mọ̀. Òótọ́ ni bàbá wa sọ, ọ̀rọ̀ yìnyín ni wọ́n ń sọ. Irin yẹn, ṣé ó ń yọ́?"

Àǹtí mi sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ó fa igi tó ti ń jò náà yọ, ó ki gìgísẹ̀ sálúbàtà bọ inú ihò, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé. "Ibẹ̀ ni òtútù yín ń gbà jáde láti ọjọ́ yìí. Bí ẹ ò bá yọ ọ́, ẹ̀rọ á máa rí ìsinmi, bátìrì yín ò sì ní kú sójú omi." Ó gòkè. Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì rọra sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. "Ẹ má sì yà sẹ́yìn afárá."

Ojú Kò-Síyọnu wá dà bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Mo dúró kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó máa ń sọ. Kò sọ ọ́. Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó dorí kọ agbami tààrà.

Ọjọ́ méjì yẹn gùn. Àǹtí mi ta yìnyín ní ọjọ́ kìíní bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ní ọjọ́ kejì, ó wá jókòó sínú àgọ́ mi láti ọ̀sán, ó ń wo omi lórí èjìká mi. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ń ba èmi náà, mo sì ń bú Ọ̀gá Tútù nínú mi. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ọkọ̀ náà yọ.

Gbogbo èbúté sáré lọ. Kò-Síyọnu ṣí ọmọrí, òtútù gbà wá lójú. Ẹja ńláńlá, wọ́n le bí igi, ojú wọn ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣì ń bínú sí ẹni tó mú wọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù ń fọwọ́ tẹ ẹja náà wò. Ẹnì kan wá bi í pé, "Ta ló tún un ṣe?" Ọ̀gá Tútù ti tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Èmi náà ti mọ ohun tí Kò-Síyọnu máa sọ. Ó máa na àyà, á ní kò síyọnu, òun ló ronú kàn án lójú omi.

Ó ní, "Ìyàwó mi ló tún un ṣe."

Kò dúró níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa gìgísẹ̀ sálúbàtà yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i. Ó ṣàlàyé ihò, ó ṣàlàyé òtútù tó ń wúwo, ó ṣàlàyé ìdọ̀tí ọkọ̀. Ó tún jẹ́wọ́ ẹ̀yìn afárá, tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Àǹtí mi fi etí ìró bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra.

Èmi kò wo àǹtí mi. Àwọn ọlọ́kọ̀ mẹ́wàá tó ń ra yìnyín wa ni mò ń wò. Gbogbo wọn ti na ọrùn, wọ́n ń wo ihò náà. Ẹ wò ó: ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkùnrin yìí fi ń gba ìyìn iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bó bá tún gbà á lọ́jọ́ yẹn, àwọn yòókù á ra ẹ̀rọ, wọ́n á máa yọ igi láràárọ̀ bí bàbá wọn ṣe kọ́ wọn, ẹja á rọ̀, wọ́n á sì padà wá bẹ̀ wá. Ìgbà kan ṣoṣo ló sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀, òótọ́ yẹn ló sì tú ọjà rẹ̀ ká.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ti ní fíríìjì. Ní èbúté wa, ó ṣòro kí ẹ tó rí ẹni tí sálúbàtà rẹ̀ pé. Ọ̀gá Tútù ti ń sọ fún àwọn ará ìlú mìíràn pé òun ló rí ihò náà. A ta fírísà méjì, òun náà ló sì rà wọ́n. Àga ti wà nínú pálọ̀ báyìí, àwọn àlejò sì ń ráhùn pé ooru ń mú àwọn.

Mo sọ ọ́ fún àǹtí mi lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Bí wọ́n bá ti parọ́ lọ́jọ́ yẹn, mà, ẹ ì bá ṣì máa tajà."

"Mo mọ̀."

"Kò dùn yín ni?"

"Ó dùn mí. Ṣé o rò pé mo fẹ́ràn kí n jókòó lásán?" Ó ń pa fírísà tó kù dé. "Àbí o ò gbọ́ bó ṣe sọ ọ́ ni?" Ó gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀ kó lè jọ ti ọkùnrin. "'Ìyàwó mi ló tún un ṣe.'" Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.

Ó ṣì ń ti ọmọlanke lọ sí èbúté láràárọ̀, àpò díẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ń rà ni ọkọ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpò, ó ní, "Yìnyín yìí kéré." Àǹtí mi ní, "Ẹnu yín ló tóbi." Ó sanwó, ó gbé e sínú àpótí tí kò nílò rẹ̀, ó sì lọ. Nírọ̀lẹ́, ó gbé àpò búlúù kan náà wálé, yìnyín inú rẹ̀ ò sì dín, etí rẹ̀ mú bó ṣe mú láàárọ̀.

"Kí lẹ wá fi ṣe?" ni àǹtí mi máa ń bi í.

"Kò síyọnu," ni ọkùnrin náà á wí, á lọ wẹ̀.

Àǹtí mi á ṣa ìpẹ́ ẹja tó lẹ̀ mọ́ àpò kúrò, á gbé yìnyín náà padà sínú fírísà, kó lè rí i tà fún un lọ́la.